Fíìmù Méjì Lórí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ òtítọ́ kan níwájú èrò ní ilé sinimá, kí àwọn èrò náà sì tó túká, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ti kéde pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Mo máa sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò ní ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn tó ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ló fa gbogbo wàhálà yìí, olóògbé sì ni olórí wọn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni òǹkọ̀wé tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìwé, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kan, àwọn ọmọ kéékèèké ń há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí kí wọ́n má baà jẹgba. Mi ò sọ pé kò mọ̀wé kọ. Ó kọ ìwé mẹ́ta tó dáa. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nídìí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, mo sì sunkún lórí ọ̀kan débi pé mo jó kọ́là ẹ̀wù oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìwé lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀.

Èyí tí ayé wá ń pariwo jù nínú ìwé rẹ̀ ni ìkẹrin, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kà rí. Wọ́n ní òun ló ga jù. Wọ́n ní ó jóná. Bó ṣe jóná gan-an, olóògbé kì í sọ. Tí wọ́n bá bi í, á mí kanlẹ̀, á gbójú sókè wo àjà, àwọn tó wá kí i á sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Àwọn méjèèjì ń ṣe fíìmù. Àkọ́bí jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé. Tó bá fẹ́ kí o bá òun bu omi, á kọ́kọ́ sọ ìtàn òùngbẹ. Àbíkẹ́yìn gbóná bíi páànù, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tí kò rẹ́ òun jẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá wọn, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Etí sàréè ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí ní òun máa ṣe fíìmù Bàbá. Àbíkẹ́yìn ní, "Bàbá wo? Tiyín àbí tèmi?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà. Bí ọ̀kan bá wà ní ilé ìyá wọn, èkejì á jókòó sínú mọ́tò níta títí ẹni yẹn á fi jáde, tàbí kó kúkú yí mọ́tò padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ nǹkan kan mọ́ láyé ju kí àwọn méjèèjì jókòó nínú yàrá kan náà. Kì í ṣe kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn o. Ó ti fi ìyẹn sílẹ̀. Kí wọ́n ṣáà jókòó, kí òun wà láàárín, kí òun máa gbọ́ ohùn méjèèjì.

Àkọ́bí ló kọ́kọ́ wá gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún fíìmù tirẹ̀. Ó gbé máìkì kékeré kan sórí tábìlì pálọ̀, ó fi aṣọ ìnujú tẹ́ ìdí rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi fọ̀ ní ilé ìfọṣọ mi.

"Màámi," ó ní, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìrúbọ ńlá tí Bàbá rú."

"Ìrúbọ wo?"

"Ìwé kẹrin. Bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ sínú iná, kí ọwọ́ àwọn ìkà má baà tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo mọ̀ ni, Màámi. Ọkàn mi ló sọ fún mi."

Mo dá sí i. "Tí ọkàn ẹ bá ti sọ fún ẹ, kí lo tún wá ń da ìyá ẹ láàmú sí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́."

"Kó ṣe é dáadáa. Kó gba tèmi náà sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti rù, ó ti dá irùngbọ̀n sí bíi ti bàbá rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti jókòó ní ilé yẹn kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fà sún mọ́ máìkì. "Ó rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló jó o."

Àkọ́bí dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sunkún, ó jẹun, ó sì sùn lórí àga gígùn títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin.

Nígbà tó yá, Àbíkẹ́yìn náà dé. Máìkì tirẹ̀ kò sí lórí tábìlì. Ara ọrùn aṣọ ìyá rẹ̀ ló fi há bíi pínnì. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Màámi, ọkùnrin yẹn lù yín àbí kò lù yín?"

"Bàbá ẹ lò ń pè ní ọkùnrin yẹn?"

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Ó tì mí lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà tì í padà."

"Ẹ rí i! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ wá gbẹ̀san. Ẹ kó ìwé ẹ̀ jù sínú iná. Ẹ má tijú, Màámi, ẹ̀yin ni akọni fíìmù tèmi."

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan àyà ọmọ náà. "O ti jẹun?"

"Ẹ dá mi lóhùn ná."

"Èmi ni mo jó o," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Wàá wá jẹun báyìí?"

Ó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn.

Nígbà tó lọ, mo bá ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mélòó lẹ ní?"

"Ẹnu mi kan ni. Ọmọ mi ló jẹ́ méjì."

"Èwo wá lòótọ́ níbẹ̀?"

"Fọ abọ́ yẹn fún mi."

Bó ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, á bo ẹran mọ́lẹ̀ sábẹ́ oúnjẹ Àkọ́bí, á ní, "Tìẹ ló tóbi jù, má sọ fún àbúrò ẹ." Á yí sí èkejì, á bo ẹran mọ́lẹ̀ fún òun náà, á sọ ohun kan náà fún un. Olúkúlùkù á gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀, á sì máa fi ojú gbéraga wo ẹnì kejì. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé fíìmù náà dà bí abọ́ oúnjẹ. Ó rò pé kálukú á gbé tirẹ̀ lọ wò ní yàrá ara rẹ̀.

Fíìmù méjèèjì parí lásìkò kan náà. Àkọ́bí pe tirẹ̀ ní *Òkè Tí Kò Lẹ́gbẹ́*. Àbíkẹ́yìn pe tirẹ̀ ní *Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn*. Onísinimá kan wà ní ìlú wa nígbà náà, ọkùnrin tó lè ta èéfín fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó lọ bá Àkọ́bí, ó ní àbúrò rẹ̀ ń bẹ̀rù àti gbé fíìmù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n. Ó lọ bá Àbíkẹ́yìn, ó sọ ohun kan náà nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pẹ́ tí bébà ńlá fi wà lára gbogbo ògiri: *Òǹkọ̀wé Kan, Fíìmù Méjì. Ẹ Wá Fi Wéra.* Wọ́n á wò wọ́n tẹ̀ léra ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ méjèèjì á gorí pèpéle, ìyá wọn á wà láàárín, èrò á máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀.

"Lápá ọ̀tún àti lápá òsì mi ni wọ́n á jókòó sí?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Lórí pèpéle kan náà?"

"Kan náà, Màmá. Àga wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra."

Ohun tó béèrè kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Onísinimá jáde, ó ní kí n bá òun lọ aṣọ aláwọ̀ búlúù yẹn, kí n má fi sítáàṣì púpọ̀ sí i, torí òun fẹ́ dì mọ́ ẹnìkan.

Gbọ̀ngàn náà kún. Ó ń rùn bí ìrọ̀rí àtijọ́, apá àga tí mo jókòó sí ti yọ, ó ń gún mi nígbàákígbà tí mo bá mí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú. Àkọ́bí jókòó sí igun kan, Àbíkẹ́yìn sí igun kejì, bí ọmọ tí tíṣà pín níyà.

Nínú fíìmù Àkọ́bí, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ga bí òpó iná. Olóògbé tí mo mọ̀ máa ń gun àpótí kó tó lè mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Òṣèré yìí ń rìn létí odò, ó ń bá omi sọ̀rọ̀, omi sì ń gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà ló ń kọ̀wé: ó kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ọ́ lábẹ́ igi, ó kọ ọ́ nígbà tí àìsàn ń pa á lọ. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń gbé fìtílà dání tọ̀sán-tòru bí ẹni tí kò ní tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ ni, "Máa kọ ọ́, olúwa mi." Mo bojú wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé ariwo rẹ̀ ló ń jí àwọn aládùúgbò.

Níkẹyìn, àwọn olówó àti alágbára ní kó fi ìwé náà yin àwọn. Ó kọ̀. Ó sọ ọ́ sínú iná ní ojúmọmọ, orin dún, gbogbo ojú ògiri ṣókùnkùn. Ohùn kan wá jáde nínú òkùnkùn náà, ohùn ẹ̀gbọ́n mi gan-an, bó ṣe máa ń wọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ níparí: "Ó rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló jó o."

Èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n fi ohùn mi sí i."

"Kí lẹ rò pé wọ́n gbé máìkì wá ṣe? Kí wọ́n fi ro ọbẹ̀?"

"Èkejì náà á ti fi sí i."

"Ẹ dìde, ká máa lọ sílé kí ó tó bẹ̀rẹ̀."

Ó fẹ́ dìde lóòótọ́. Ó wá wo igun tí Àbíkẹ́yìn wà. Ọmọ náà ń jẹ èékánná. "Tí mo bá lọ báyìí," ó ní, "á ní mo wo ti ẹ̀gbọ́n òun, mi ò wo tòun." Ó jókòó padà.

Fíìmù Àbíkẹ́yìn kò ní odò. Inú ilé ni gbogbo rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń pa dé gbàmù, ìgò lórí tábìlì, ọmọdé kan tó ń yọjú láti ẹ̀yìn àga. Níbẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sanra, ó ń bú ramúramù, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì. Ìyàwó ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ó sunkún títí tó fi sú mi. Lóòótọ́, olóògbé ní ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan, kì í béèrè ẹni tó fọ àwo tó fi jẹun. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Olóògbé máa ń sùn ni. Nínú fíìmù méjèèjì, kò sí ẹni tó fi hàn pé ọkùnrin yẹn máa ń sùn.

Bí a bá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kí n sọ tèmi: ti Àkọ́bí dùn ún wò jù, ti Àbíkẹ́yìn kò jẹ́ kí èèyàn sùn. Irọ́ ti àkọ́kọ́ wẹ ara, ó fi òróró pa á. Irọ́ ti ìkejì kò wẹ̀ rárá, ó rò pé ìdọ̀tí ara òun ni òtítọ́.

Ìyàwó kó ìwé sínú iná lẹ́yìnkùlé. Ògiri ṣókùnkùn. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi tún jáde: "Èmi ni mo jó o."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pátápátá: "Ìyá yìí mà lágbára o! Ìwé kan, ó jó o lẹ́ẹ̀mejì!"

Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Iná gbọ̀ngàn kò tíì tàn dáadáa tí Àbíkẹ́yìn fi fò sórí pèpéle, tó já máìkì gbà lọ́wọ́ Onísinimá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ sí Màámi lẹ́nu!"

Àkọ́bí rọra gòkè. "Ta ló gbé ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu? Ìwọ tó o lọ halẹ̀ mọ́ arúgbó nínú ilé ẹ̀?"

"Mo halẹ̀? O ń purọ́!"

"O? Èmi lò ń pè ní *o*?"

"Mo pè ọ́! Kí lo fẹ́ ṣe? Lọ sọ ọ́ fún odò ẹ!"

Èrò hó yèè. Onísinimá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi gòkè, wọ́n fi í jókòó sáàárín. Bí wọ́n ṣe ṣèlérí gẹ́lẹ́: Àkọ́bí lápá ọ̀tún, Àbíkẹ́yìn lápá òsì. Àwọn méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màámi, ẹ sọ òtítọ́ fún un," Àkọ́bí ní.

"Ẹ sọ ọ́, Màámi," Àbíkẹ́yìn ní. "Ẹni tó bá purọ́ nínú wa, kó má wọ ilé yín mọ́."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," Àkọ́bí ní. "Kó má wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé."

Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá gbè sẹ́yìn ọ̀kan, ó ti pàdánù èkejì, wọ́n sì ti fi ẹnu ara wọn búra síbẹ̀. Ó nawọ́ gba máìkì. Ó dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ìkòkò tó gbóná mú.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín. Èmi ni mo purọ́. Ìwé kankan ò jóná. Kò kọ ọ́."

Ẹnìkan ní, "Há?"

"Kò kọ ọ́. Ó ń sọ nípa ẹ̀ kiri títí tí kò fi ku nǹkan tó máa kọ. Tó bá ti sọ ọ́ tán, á sùn. Ọjọ́ tí atẹ̀wé ní dandan kó gbé e wá, mò ń jó ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti páálí. Ó jáde sí mi, ó wo iná yẹn, ó wọlé, ó sọ fún wọn lórí fóònù pé ìwé òun ti jóná. Mo gbọ́ ọ. Mo dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tán. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò ní nǹkan tí ẹ ń jà lé lórí mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Èmi gan-an ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti fura sí oorun yẹn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dìde níwájú, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màmá, ìwé ńlá ni mo kọ lórí ìwé yẹn!"

"Lórí èyí tó ò rí?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. "O gbìyànjú."

Ẹ̀rín díẹ̀ sọ, ó sì kú lójijì. Àwọn èèyàn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tó da omi ìdọ̀tí sí wọn lára. Wọ́n ti há ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn sórí láti kékeré. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Kí ló fẹ́ jèrè nínú èyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo lọ wá omi lọ sí ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn pèpéle, níbi tí wọ́n to àga tó ti kán sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n ti yọ́ kúrò lórí pèpéle. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá.

"Tí èyí bá jáde, kò sí fíìmù tèmi, kò sí tìẹ," Àkọ́bí ní.

"Ó ti jáde, Bọ̀ọ̀dá." Ó ti padà sí *Bọ̀ọ̀dá*.

"Àfi tí kì í bá ṣe Màámi ló sọ ọ́. Àfi tó bá jẹ́ pé àìsàn ló sọ ọ́."

Mo gbàdúrà pé kí Àbíkẹ́yìn bínú. Ìbínú ọmọ yẹn tí mo ti ń bú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, mo tọrọ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́," ó ní. "Ẹ̀yin làgbà."

Mo já sí àárín wọn. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyá yín lẹ fẹ́ sọ di wèrè?"

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó pe wèrè," Àkọ́bí ní. "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ bo àṣírí wọn."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ dídára. Kí n tó dé orí pèpéle, ó ti gba máìkì. Ó ní ó ti pẹ́ tí ọpọlọ Màámi ti ń rẹ̀ wọ́n, ó ní ìdílé ò fẹ́ kí aráyé gbọ́, ìdí nìyẹn tí Màámi fi sọ ohun méjì fún ọmọ méjì, tí wọ́n sì tún sọ ìkẹta lónìí. Àbíkẹ́yìn gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún. Omijé gidi ni. Èrò mí kanlẹ̀ lápapọ̀, "Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Ti ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ló dún jù. Mo pariwo pé irọ́ ni. Onísinimá tan orin.

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n di ara wọn mú," ó ní.

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín?"

"Mo gbọ́. Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀."

Fíìmù méjèèjì ò kúrò nílẹ̀. Wọ́n yọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi kúrò ní ìparí wọn, wọ́n sì ń wò wọ́n títí dòní. Àwọn ọmọ gba nọ́ọ̀sì kan sílé. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ìyá wọn kí àwọn akọ̀ròyìn má baà pè é. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo láàyè láti wọlé, nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà níbẹ̀, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi máa ń da orí ẹ̀gbọ́n mi rú.

"Àǹtí, ẹ ò kàwé nípa àìsàn yìí," Àkọ́bí sọ fún mi lẹ́nu géètì.

"Mi ò kàwé nípa ebi náà. Mo ṣì máa ń mọ̀ tó bá ń pa mí."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí ohun tó fẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, ọmọ kan lápá ọ̀tún, ọmọ kan lápá òsì, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn òṣèré wọn. Tí òun bá wá lanu, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ dá a lóhùn. Ó ní ọbẹ̀ ò níyọ̀. Wọ́n ní ahọ́n rẹ̀ ló ti gbàgbé iyọ̀. Mo tọ́ ọ wò, kò níyọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Nǹkan dúdú kan ń wọ ojú ọ̀tún mi láti ẹ̀gbẹ́."

"Dúdú bíi kí ni, Màámi?" Àbíkẹ́yìn bi í.

"Bíi pé ẹnìkan ń fa aṣọ bò ó, díẹ̀díẹ̀."

Àkọ́bí mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lákínyẹmí ara, ó ní òun lè lò ó níbìkan. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

"Àǹtí," Àbíkẹ́yìn ní, "lọ́sẹ̀ tó kọjá Màámi ní Bàbá ń sùn ní yàrá. Ṣé ká gbé Bàbá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Mo ní mo lálàá ẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn oorun. Lọ́jọ́ kejì mo lọ kan géètì títí ọwọ́ fi ń ro mí, wọn ò ṣí i. Mo pe Àkọ́bí, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo pe Àbíkẹ́yìn, kò gbé e.

Nígbà tí wọ́n tún jẹ́ kí n wọlé, ẹ̀gbọ́n mi gbé ife, ó bu tíì fún mi, ó sì rọra da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo fà á dìde. Àkọ́bí ní, "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀." Mo sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí fún un, mo sì mú ìyá rẹ̀ jáde.

Dókítà ojú jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tan iná sí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó wò ó pẹ́, ó pa iná náà. Èmi ló kọjú sí. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín nígbà tó bẹ̀rẹ̀?"

"Mo sọ," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo sọ fún gbogbo wọn."

Dókítà ní awọ inú ojú ọ̀tún ló ti ṣí kúrò. Ká ní wọ́n gbé e wá nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, wọn ì bá lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ní kí a máa tọ́jú ti òsì dáadáa. Ti ọ̀tún ti fọ́.